Wáránti ti parí, laptop ò tàn mọ́: ẹ jẹ́ kí wọ́n wá ibi tó bàjẹ́ kí ẹ tó sanwó

Ẹ kú déédéé ìgbà yìí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi tipẹ́, mo sì fẹ́ sọ ọ́ jáde torí mo mọ̀ pé laptop tó ṣì lè ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú ilé àwọn èèyàn, ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, eruku ti bò ó, torí ẹnì kan sọ fún wọn pé "bọ́ọ̀dù ẹ̀ ti kú", ìyẹn pátákó inú laptop tí gbogbo ẹ̀yà ẹ̀ so mọ́. Gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ti gba owó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn l'Adó-Èkìtì yìí, ó sì ti mú káwọn mìíràn lọ yá owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti fi ra tuntun. Tí wáránti bá ti parí lóòótọ́, ẹrù ti di tiyín, àmọ́ ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ sanwó àrùn tẹ́nikẹ́ni ò tíì yẹ̀ wò.

Iṣẹ́ graphics ni mo ń ṣe, ìwé ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, bánà, àmọ́ èyí tó ń bọ́ mi jù ni ìwé ètò ìsìnkú. Ẹni tó bá mọ Èkìtì mọ̀ pé a kì í fi òkú àgbà ṣeré níbí, ìwé kan lè tó ojú ewé ogójì, fọ́tò ìyá láti ìgbà ọmọge, oríkì, ìtàn ìgbésí ayé ẹ̀, ọ̀rọ̀ ìdágbére àwọn ọmọ, ti àwọn ọmọ-ọmọ, ti àwọn àna, ti ìjọ, ti ẹgbẹ́, gbogbo ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà á ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Torí náà mo ra laptop tó lágbára, tuntun nínú páálí, owó àjọ ni mo fi rà á, wọ́n sì fún mi ní wáránti ọdún kan. Ọdún yẹn pé, kò ṣe nǹkankan. Kò pẹ́ rárá lẹ́yìn ẹ̀ tó fi kú.

Iná ti lọ látàárọ̀, mo ń fi bátìrì ṣiṣẹ́, ṣájà sì wà lára ògiri, nígbà tó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ iná dé, ó dé pẹ̀lú ìbínú, gílóòbù funfun báláú, fáànù ń pariwo, kí n tó dìde kí n lọ pa á ó ti lọ, ó tún ti dé. Síkírìnì laptop ṣú. Mo tẹ bọ́tìnì, kò dáhùn. Iná kékeré tó máa ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ṣájà náà ò tàn. Ìwé tó wà lójú ẹ̀ nígbà yẹn, ti ìyá arúgbó kan n'Ìjerò ni, Fúráìdè tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣe àìsùn, ìwé ò sì tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Alẹ́ yẹn gan-an ni àkọ́bí ìyá náà pè mí, àgbàlagbà ni bàbá yẹn, ó ní "Ọmọ mi, ṣé ìwé wa ti ṣe?" Ẹnu mi wúwo. Mo ní "Ó ti ń lọ sà, ẹ má mikàn." Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì sọ fún ara mi pé iṣẹ́ inú laptop ni mo máa kọ́kọ́ gbà sílẹ̀, laptop fúnra ẹ̀ á tẹ̀lé e.

Àwọn nǹkan kan wà téèyàn lè yẹ̀ wò nílé láì ná kọ́bọ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi ṣájà mìíràn dán an wò, torí ṣájà ló máa ń jẹ ìyà iná jù, kí fóòtì tí wọ́n kọ sí i lára ṣáà bá tiyín mu, tèmi jẹ́ 19V, aládùúgbò mi ni mo yá tiẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ yọ ṣájà, kí ẹ tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀ fún bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kí iná tó há sínú ẹ̀ lè jáde, àwọn kan máa ń jí pẹ̀lú ìyẹn nìkan. Tó bá jẹ́ pé fáànù ń yí àmọ́ ojú ẹ̀ dúdú, ẹ fi wáyà HDMI so ó mọ́ TV, tí àwòrán bá jáde síbẹ̀ a jẹ́ pé síkírìnì tàbí wáyà ẹ̀ ló níṣòro, bọ́ọ̀dù yín wà láàyè. Tí iná kékeré kan bá sì ń ṣẹ́jú lára ẹ̀, ẹ ka iye ìgbà tó ń ṣẹ́jú kó tó sinmi, HP àti Dell kọ ìtumọ̀ ẹ̀ sínú ìwé tí wọ́n gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó lè sọ fún yín pé RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń gbé iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ lé) ni tàbí nǹkan mìíràn. Tèmi ò ṣe ìkankan nínú gbogbo ẹ̀, ó kú fin-ín. Ohun tó sì yà mí lẹ́nu nígbà tó yá ni pé irú ikú báyẹn, tí kò sí iná, tí kò sí ohùn, ló máa ń rọrùn láti tún ṣe nígbà púpọ̀ ju èyí tó ń tàn tó tún ń kú.

Mo tú ìdí ẹ̀, mo yọ SSD, ìyẹn ibi tí gbogbo fáìlì ń gbé. Nínú ọ̀pọ̀ laptop Windows, SSD yẹn jẹ́ pátákó pẹlẹbẹ kan báyìí, ìdábùú ẹ̀ kò ju 22mm lọ, sìkúrùù kan ṣoṣo ló dì í mú, ẹ̀ẹ́ rí ilé ẹ̀ tó ní USB rà, ẹ ki SSD bọ inú ẹ̀, ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, fáìlì yín á jáde. Mo so tèmi mọ́ kọ̀ǹpútà àbúrò mi, ló bá ní kí n mú kọ́ọ̀dù BitLocker wá, ohun tí Windows fi ń ti fáìlì pa, nọ́ńbà 48! Ẹ̀rù bà mí. Mi ò fi ọwọ́ ara mi tì í rí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé tí ẹ bá ti fi àkáǹtì Microsoft wọlé sórí ọ̀pọ̀ Windows òde òní, òun fúnra ẹ̀ á ti SSD yín pa, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ á sì wà lára bọ́ọ̀dù nínú ohun tí wọ́n ń pè ní TPM, tí SSD bá wà nínú laptop ẹ ò ní mọ̀ pé ó tì, ọjọ́ tí bọ́ọ̀dù bá kú tí ẹ yọ ọ́ lẹ ó mọ̀. Ẹ dákun, ẹni tó bá ń ka èyí tí laptop ẹ̀ ṣì ń tàn, kó wọ inú àkáǹtì Microsoft ẹ̀ lónìí yìí, kó lọ síbi tí recovery key wà, kó kọ nọ́ńbà yẹn sínú ìwé kó sì fi pamọ́. Ọlọ́run ṣe é, àkáǹtì tèmi ṣì ṣí lórí fóònù mi, mo rí nọ́ńbà náà, mo tẹ̀ ẹ́, SSD ṣí, mo rí ìyá Ìjerò pẹ̀lú gèlè wọn lójú ewé àkọ́kọ́. Kọ̀ǹpútà àbúrò mi ni mo fi parí iṣẹ́ náà, ó falẹ̀ gan-an àmọ́ ìwé dé Ìjerò kó tó di Fúráìdè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo MacBook tòde òní, tiyín le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ti jó ibi ìkó-fáìlì-sí mọ́ bọ́ọ̀dù ni, kò ṣe é yọ báyẹn, torí náà tí ẹ ò bá ní ẹ̀dà níbòmíràn, bọ́ọ̀dù àti iṣẹ́ yín jọ ń lọ ni.

Ó wá kan laptop. Ṣọ́ọ̀bù tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ, ọmọkùnrin ibẹ̀ ki ṣájà bọ̀ ọ́, ó tẹ bọ́tìnì, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó ní "Mà, bọ́ọ̀dù ẹ̀ ti kú." Kò tú u. Kò fi ohunkóhun yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní òun á bá mi wá bọ́ọ̀dù mìíràn láti Èkó, ₦310,000, kò sì ní sí wáránti lórí ẹ̀. Mo tún pe ibi tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe laptop náà yàn fún àtúnṣe, wọ́n bọ̀wọ̀ fún mi dáadáa, wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí wáránti ti parí èmi ni màá sanwó, àwọn kì í sì í tún bọ́ọ̀dù ṣe, ṣe làwọn máa ń pààrọ̀ ẹ̀ lódindi, iye tí wọ́n pè fẹ́ẹ̀ tó iye tí mo ra gbogbo laptop náà. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí náírà, ní oṣù kẹfà 2023 kí wọ́n tó já a sílẹ̀ dọ́là wà ní bíi ₦460 ní báńkì, nígbà tó máa fi di oṣù kejì 2024 ó ti lé ní ₦1,500. Dọ́là ni wọ́n fi ń kó bọ́ọ̀dù wọlé. Torí náà ẹni tó bá ń fi iye tó ra laptop ẹ̀ látijọ́ díwọ̀n iye àtúnṣe, ó ń tan ara ẹ̀, iye tí irú ẹ̀ ń lọ lọ́jà lónìí ni kó fi díwọ̀n. Lójú tèmi, tí àtúnṣe bá ti ju ìdajì iye yẹn lọ, ẹ fi sílẹ̀, àmọ́ tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ tún un ṣe, ayé yìí kọ́ layé téèyàn ń ju nǹkan nù.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé ṣé mi ò lè bá wọn jà ni, ó ṣe jẹ́ pé ọdún kan péré. Ọ̀rọ̀ yìí gba sùúrù díẹ̀. Wáránti ilé-iṣẹ́ kì í sábà bo iná tó wá kíkan, kì í bo omi tàbí tíì tó dà sí i, bátìrì náà, ọ̀pọ̀ wọn kì í fún un ju ọdún kan lọ, torí náà kódà ká ní ọdún mi ò tíì pé, ìjà ni. Àmọ́ ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń bẹ̀rẹ̀ sí ka wáránti láti ọjọ́ tí laptop kúrò lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ rà á. Ó lè ti wà lórí pẹpẹ fún oṣù púpọ̀ kó tó dọ́wọ́ yín. Tí ẹ bá fi rìsíìtì ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n lè tún ọjọ́ náà ṣe. Ẹ gba rìsíìtì tó ní déètì, kí ẹ yà á ní fọ́tò, torí yíǹkì rìsíìtì máa ń parẹ́ nínú ooru.

Tó bá jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín ló rà á fún yín láti òkè òkun, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ síyẹn. Ní àwọn orílẹ̀-èdè European Union, òfin fún oníbàárà ní ọdún méjì ó kéré tán lọ́dọ̀ ẹni tó ta ọjà tuntun fún un, ohun yòówù kí ilé-iṣẹ́ kọ sórí páálí. Ní ìlú òyìnbó UK, òfin Consumer Rights Act ti 2015 ni, ẹnì kan lè pe ẹni tó tajà fún un lẹ́jọ́ títí dé ọdún mẹ́fà ní England, àmọ́ tó bá ti ju oṣù mẹ́fà lọ òun ni yóò fi hàn pé àbùkù ti wà lára ọjà náà látilẹ̀. Ẹni tó sanwó ni òfin mọ̀, torí náà ẹ má jẹ́ kí wọ́n ju rìsíìtì nù lọ́hùn-ún. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, òfin FCCPA ti 2018 tí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ń mójú tó sọ ọ́ pé ẹni tó bá ń ta ọjà tí wọ́n ti lò rí tàbí tí wọ́n tún ṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ kí oníbàárà mọ̀ gbangba. Tí wọ́n bá ta tòkunbọ̀ fún yín ní orúkọ tuntun, ẹjọ́ wà níbẹ̀.

Ẹ tún wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá ilé-iṣẹ́ náà ti gbà pé irú laptop yín ní àbùkù. Wọ́n máa ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́yìn wáránti nígbà mìíràn, wọn kì í sì wá yín wálé. Apple ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2018 fún àwọn MacBook tí bọ́tìnì kíbọ́ọ̀dù wọn ń há, ọdún mẹ́rin ni wọ́n fún un láti ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tà á. Ní 2019 wọ́n tún pe bátìrì MacBook Pro 15-inch kan padà torí ó lè gbóná gbiná. Nọ́ńbà serial tó wà lábẹ́ laptop lẹ máa tẹ̀ síbẹ̀, kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Tèmi ò sí nínú ìkankan.

Ẹni tó wá gbà mí, akẹ́kọ̀ọ́ EKSU kan ló júwe ẹ̀ fún mi, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ kékeré, ó wà lẹ́yìn Ìjìgbò, ẹ ò ní rí bánà ńlá níwájú ẹ̀. Tábìlì ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò: máíkírósíkóòpù kan, mítà, ẹ̀rọ tó ń fúnni ní iná ní ìwọ̀n téèyàn bá fẹ́, àti páálí bọ́ọ̀dù àtijọ́ lábẹ́ tábìlì. Ó ní "Àǹtí, ₦5,000 ni àyẹ̀wò, tí mo bá tún un ṣe màá yọ ọ́ kúrò nínú owó iṣẹ́, tí mi ò bá rí i ṣe màá sọ fún yín ibi tó bàjẹ́." Ẹ gbọ́, ₦5,000 yẹn ni owó tí mo ná tó dùn mọ́ mi jù lọ́dún yẹn.

Ó yọ wáyà bátìrì lákọ̀ọ́kọ́, ṣáájú ohun gbogbo. Ó gbé ẹnu mítà sórí bọ́ọ̀dù lẹ́yìn ihò ṣájà, mítà ń ké tííí. "Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ibi yìí ò yẹ kó ké mà." Ó ṣàlàyé fún mi pé iná 19V tó yẹ kó wọ inú bọ́ọ̀dù ń gba ọ̀nà àbùjá lọ sí ilẹ̀, ṣájà mọ̀ ọ́n lára, ó sì ń pa ara ẹ̀ kó má baà jó, ìdí nìyẹn tí gbogbo ẹ̀ fi dà bí òkú. Ó dín iná ẹ̀rọ ẹ̀ kù sí 1V, ó so ó mọ́ ibẹ̀, ó sì da ọtí tí wọ́n fi ń fọ bọ́ọ̀dù sí i lórí díẹ̀, gbogbo ojú bọ́ọ̀dù tutù, ó ń dán lábẹ́ iná tábìlì. Ó ní kí n máa wò ó. Bí a ṣe ń wò ó, ọtí orí kapásítọ̀ kan, ẹ̀yà kékeré kan lára bọ́ọ̀dù, bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ, kapásítọ̀ náà ò tó ìdajì ẹyọ ọkà bàbà, gbogbo àyíká ẹ̀ tutù, òun nìkan ló gbẹ. Ó tún da ọtí sí i. Ó tún gbẹ níbì kan náà. Ó ní "Òun nìyẹn." Ó fi afẹ́fẹ́ gbígbóná yọ ọ́, ó gbé mítà síbẹ̀, mítà dákẹ́. Ó wá irú ẹ̀ lára bọ́ọ̀dù àtijọ́ kan nínú páálí, ó jó o mọ́ ibẹ̀, ó ki ṣájà bọ̀ ọ́, iná kékeré yẹn tàn. Ojú mi kún fún omi, mi ò ní purọ́ fún yín. ₦25,000 ni gbogbo ẹ̀, pẹ̀lú àyẹ̀wò, ó sì kọ wáránti oṣù mẹ́ta sórí rìsíìtì ẹ̀ fún mi.

Kì í ṣe gbogbo bọ́ọ̀dù ló máa rí báyìí o. Tí ọpọlọ ẹ̀ gan-an (processor) bá jó, tàbí tí omi ti jẹ abẹ́ bọ́ọ̀dù fún ìgbà pípẹ́, ẹni tó bá mọṣẹ́ á sọ fún yín pé kẹ́ ẹ má náwó sí i, òótọ́ yẹn náà lówó lórí. Ohun tó ń dùn mí ni àwọn tó máa ń fi afẹ́fẹ́ gbígbóná gbá ọpọlọ tàbí graphics laptop láì mọ ohun tó ṣe é, á tàn lóòótọ́, á ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́yìn náà á kú pátá, ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe lẹ́yìn wọn ò ní rí ibi gbá mú. Ọ̀rẹ́ mi kan n'Ìwòròkò ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún, pẹ̀lú project lórí ẹ̀, wọ́n gba owó ẹ̀, ó sì tún pàdánù laptop. Kí ẹ tó fi laptop sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, ẹ ya fọ́tò RAM àti SSD tó wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà wọn, kí ẹ̀yin àti ẹni náà jọ rí i, tó bá jẹ́ olóòótọ́ kò ní bínú, tó bá bínú, ẹ gbé e, ẹ máa lọ.

Nísinsìnyí, iná bá ti lọ, mo ti yọ ṣájà lára ògiri, mi ò ní kì í bọ̀ ọ́ padà àfi tí iná bá ti dé tó sì ti fara balẹ̀, mo sì ra ẹ̀rọ kan tó ń gé iná tó bá ti ju ìwọ̀n. Ọyẹ́ náà, eruku ẹ̀ l'Èkìtì kì í ṣe kékeré, ó máa ń dí ojú irin tí fáànù ń fẹ́ atẹ́gùn gbà, kọ̀ǹpútà á máa gbóná, ọyẹ́ bá ti kọjá màá jẹ́ kí wọ́n tú u, kí wọ́n gbọ́n ọn, kí wọ́n pààrọ̀ òróró orí ọpọlọ ẹ̀ (thermal paste). Tí ibi tí ẹ ń fi ìka fà lórí laptop bá sì ṣàdédé wú sókè, bátìrì ló ń wú, ẹ pa á, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má gún un, kí ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n yọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá irú ẹni yìí, yálà l'Adó ni o, Ìkẹ́rẹ́, Ọyẹ́ tàbí Ìkọ̀lé, ẹ má bèèrè pé ta ló ń tún laptop ṣe, gbogbo èèyàn ló máa ní òun ni. Ẹ bèèrè pé ta ló ń tún bọ́ọ̀dù ṣe, tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ẹ wo orí tábìlì ẹ̀ bóyá mítà wà níbẹ̀, kí ẹ sì gbọ́ iye tó ń gbà fún àyẹ̀wò kí ẹ tó sọ ohunkóhun nípa pípààrọ̀.